Bí A Ṣe Lè Ṣètìlẹ́yìn fún Oúnjẹ Ilé-Ìwé fún Àwọn Ọmọ Tí Ebi Ń Pa

Ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ tí ebi ń pa lọ́wọ́ ní ilé-ìwé ní ohun kan láti mọ̀ kí ó tó mú owó jáde: oúnjẹ ilé-ìwé kì í ṣe sàráà ọjọ́ kan. Àwo oúnjẹ kan tí ọmọ jẹ lónìí, tí kò sì rí òmíràn títí di oṣù tó ń bọ̀, yóò dá ebi ọjọ́ náà dúró, ṣùgbọ́n kò ní mú kí ọmọ náà tún wá sí ilé-ìwé lọ́la. Ohun tó ń jẹ́ kí òbí tí kò rí já jẹ yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ láti inú oko, láti ìdí ẹran ọ̀sìn àti láti ìdí iṣẹ́ ilé ni ìdánilójú pé ọmọ náà yóò jẹun níbi tó ń lọ, ní gbogbo ọjọ́ tí ilé-ìwé bá ṣí. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí ń tọ̀ lẹ́yìn: kí ni a lè ṣe tí ìkòkò ilé-ìwé yóò fi wà lórí iná lójoojúmọ́, tí kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àánú wa bá rọlẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí oúnjẹ náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

WFP, ìyẹn àjọ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ọ̀ràn oúnjẹ lé lọ́wọ́ láti ọdún 1961, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ fún ọdún 2024 pé ó kéré tán, ọmọ mílíọ̀nù 466 ni ó ń rí oúnjẹ jẹ ní ilé-ìwé káàkiri ayé. Iye yìí pọ̀, ó sì yẹ kí inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó oúnjẹ náà ni ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè ń san fúnra wọn, àwọn orílẹ̀-èdè tó sì tòṣì jù lọ, níbi tí ebi ti ń pa ọmọ jù, ni oúnjẹ ilé-ìwé kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ará ìta ti níye lórí jù.

Ọmọ tí kò fẹnu kan nǹkan kan láti àná kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ dáadáa. Ojú rẹ̀ lè wà lára pátákó, kí ọkàn rẹ̀ má sì sí níbẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá wà, iye ọmọ tó ń forúkọ sílẹ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń wá sì ń wá déédéé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àǹfààní náà máa ń hàn jù lọ lára àwọn ọmọbìnrin, nítorí pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń dá dúró sílé nígbà tí owó bá ṣọ́wọ́n. Ní àwọn ibì kan, yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ jẹ ní ilé-ìwé, wọ́n a tún fún ọmọbìnrin tó bá wá déédéé ní oṣù kan ní àpò ọkà tàbí òróró tí yóò gbé lọ sílé, kí àwọn òbí lè rí i pé àìsínílé rẹ̀ kò mú àdánù bá wọn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí ohun tó ju agbára oúnjẹ lọ fún yín. Àìjẹunre-kánú tó ń dá ìdàgbàsókè ọmọ dúró máa ń ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀ jù lọ láti inú oyún títí di ọjọ́-ìbí ọdún kejì, ìyẹn kí ọmọ tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé rárá. Oúnjẹ ilé-ìwé kò lè dá ohun tó sọnù nígbà náà padà tán, ohun tó lè ṣe ni pé kí ó má jẹ́ kí ọmọ pàdánù sí i. Bákan náà ni aràn inú ń bá ọmọ pín oúnjẹ. Níbi tí aràn bá ti wọ́pọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a máa fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí lẹ́ẹ̀mejì níbi tó bá ti pọ̀ gan-an. Ẹyọ kan ṣoṣo ni albendazole, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn oògùn aràn náà, tí ọmọ máa ń lò lẹ́ẹ̀kan, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ètò oúnjẹ tí kò bá ní oògùn aràn, omi mímu tó mọ́ àti ilé ìgbẹ́ tó ṣeé lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fi ọ̀pọ̀ lára oúnjẹ rẹ̀ bọ́ aràn.

Bí ẹ ṣe lè yan ètò tí ẹ ó tì lẹ́yìn

Ọ̀nà tí owó lè gbà dé ìdí ìkòkò pọ̀. Àwọn àjọ ńláńlá wà bíi WFP, tó ti ní ètò orí fóònù tí wọ́n ń pè ní ShareTheMeal láti ọdún 2015, èyí tí ènìyàn lè fi san owó oúnjẹ ọmọ kan fún ọjọ́ kan tàbí fún ọdún kan. Àwọn àjọ tí oúnjẹ ilé-ìwé nìkan jẹ́ iṣẹ́ wọn wà: Mary's Meals bẹ̀rẹ̀ ní Màláwì ní ọdún 2002, àwọn òbí àti aládùúgbò ló sì ń yọ̀ǹda ara wọn láti se oúnjẹ náà, Akshaya Patra bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà ní ọdún 2000, ó ń se oúnjẹ nínú àwọn ilé ìdáná ńlá tí ọkọ̀ ń gbé e kúrò lọ sí ilé-ìwé púpọ̀ láàárọ̀, Food4Education bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2012. Ẹgbẹ́ kéékèèké náà wà, tó jẹ́ pé ilé-ìwé kan tàbí méjì péré ni wọ́n ń bọ́. Kò sí èyí tó burú nítorí pé ó tóbi tàbí nítorí pé ó kéré. Ètò ńlá ń ra oúnjẹ ní owó pọ́ọ́kú, ètò kékeré sì ń mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín nígbà tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ló yẹ kó pinnu.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí: ọjọ́ mélòó ni wọ́n ṣí ilé-ìwé ní sáà tó kọjá, ọjọ́ mélòó nínú rẹ̀ ni àwọn ọmọ sì jẹun? Mo fi ìbéèrè yìí ṣáájú gbogbo èyí tó kù, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó kì í fẹ́ dáhùn. Wọn yóò sọ fún yín pé àwọn bọ́ ọmọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹun lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan wà nínú ìṣirò náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó jẹun lójoojúmọ́. Ètò tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa yóò ní ìwé tó fi ọjọ́, iye ọmọ tó wá àti iye àwo tí a bù hàn, kò sì ní bínú tí ẹ bá béèrè rẹ̀. Tí wọ́n bá sọ fún yín tọkàntọkàn pé ọkọ̀ kò lè kọjá nítorí òjò, tí oúnjẹ sì já fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ka irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ sí ohun rere lọ́dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ohun tó wà nínú àwo. Ìlànà ìjọba Íńdíà lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún wa: ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí kálórì 450 àti gíráàmù 12 èròjà amáradàgbà nínú oúnjẹ ọ̀sán kan, àwọn tó ti wà ní kíláàsì òkè sì gbọ́dọ̀ rí kálórì 700 àti gíráàmù 20. Kò pọn dandan kí gbogbo ètò bá iye yìí mu gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ètò tí kò lè sọ iye tirẹ̀ rárá kò tíì ronú jinlẹ̀ nípa rẹ̀. Ọkà nìkan kò tó. Ẹ̀wà tàbí irú oúnjẹ mìíràn tó ń mára dàgbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òróró díẹ̀, ẹ̀fọ́ nígbà tó bá wà, àti iyọ̀ tí wọ́n fi áyódìn sí. Níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu, ìyẹ̀fun tàbí ìrẹsì tí wọ́n ti fi èròjà ajíraniṣara kún láti ilé iṣẹ́ ń ṣe ọ̀pọ̀ oore láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ń gba ohunkóhun lọ́wọ́ òbí kí ọmọ tó jẹun. Ní ibi púpọ̀, wọ́n máa ń ní kí ọmọ mú igi ìdáná wá tàbí kí òbí dá owó díẹ̀ fún alásè. Ohun tó dára ni pé kí àwọn òbí ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí ohun tí ènìyàn bá lọ́wọ́ sí ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò rí igi mú wá. Bí wọ́n bá ń lé e kúrò lórí ìlà, a jẹ́ pé ètò náà ń yọ ẹni tí a tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ gan-an sẹ́yìn.

Ní ti ìwé owó, ìbéèrè kò pọ̀: ṣé olùyẹ̀wò ìwé owó tí kì í ṣe ara wọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé wọ́n ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ṣé wọ́n sì ń gbé ìròyìn ọdọọdún jáde fún gbogbo ènìyàn? Ẹ má ṣe sọ pé àjọ tí owó tó ń ná sí ọ́fíìsì àti òṣìṣẹ́ bá kéré jù lọ ló dára jù lọ. Ẹni tí yóò máa ka àpò ọkà, tí yóò máa yẹ ìwé ilé-ìwé wò, tí yóò sì máa lọ káàkiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀, owó ló ń gbà. Ètò tí kò bá san owó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò san án fún olè.

Owó díẹ̀ tó ń wá déédéé sàn ju owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ

Ẹni tó ń ra oúnjẹ fún ilé-ìwé gbọ́dọ̀ rà á ní àkókò ìkórè, nígbà tó pọ̀ tó sì dínwó, kí ó tó gbé e pamọ́ fún oṣù tí ọjà yóò wọ́n. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá mọ iye owó tí yóò wọlé. Ìdí nìyẹn tí owó kékeré tí ẹ ní kí báǹkì yín máa yọ lóṣooṣù fi ṣe àwọn ọmọ láǹfààní ju owó ńlá tí ẹ mú wá ní àsìkò ọdún lọ. Ẹ yan iye tí kò ní ni yín lára nígbà tí nǹkan kò bá rọgbọ, kí ẹ má baà dá a dúró ní oṣù kẹta. Bí ẹ bá sì lè ṣe é, ẹ má ṣe so owó náà mọ́ ohun kan pàtó. Àwọn tó ń fún ní owó fẹ́ràn kí orúkọ wọn wà lára ilé ìdáná tuntun, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ sanwó ọṣẹ, owó ọkọ̀ àti àtúnṣe sítóòfù tó bàjẹ́ kò pọ̀. Láìsí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ilé ìdáná tuntun yóò wà níbẹ̀ ni, kò ní sí èéfín lórí rẹ̀.

Bí owó ẹnìkan kò bá tó, ẹ kó ara yín jọ bí ẹni ń dá àjọ: ìdílé, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ kàwé, ìjọ tàbí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ọjọ́ tí kálukú yóò máa dá a sí, ẹ yan akápò àti ẹlòmíràn tí yóò máa yẹ ìwé rẹ̀ wò, ẹ sì máa ka ìròyìn tó bá ti ilé-ìwé wá sí etígbọ̀ọ́ gbogbo yín. Ẹgbẹ́ tó bá gba ilé-ìwé kan mú fún ọdún márùn-ún ṣe ju ẹgbẹ́ tó fi ọwọ́ kan ilé-ìwé ogún ní ọdún kan lọ.

Ẹ má ṣe kó oúnjẹ ránṣẹ́ láti òkèèrè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rò pé kí àwọn kó àpò ìrẹsì jọ kí àwọn sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ. Inú rere ló ń fà á, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe é. Owó ọkọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ náà, ẹrù lè pẹ́ ní èbúté títí yóò fi hu ẹ̀bu, oúnjẹ tó bá sì dé lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkókò ìkórè yóò mú kí ọjà àgbẹ̀ tó wà ládùúgbò kú. Àgbẹ̀ náà sì lè jẹ́ bàbá tàbí ìyá ọmọ tí a ń bọ́. Ìgbà tí ogun tàbí ọ̀dá bá ti mú kí oúnjẹ tán lọ́jà pátápátá ni kíkó oúnjẹ wá láti òkèèrè di dandan, àwọn àjọ tó mọ iṣẹ́ náà ló sì yẹ kó ṣe é.

Ohun tó dára jù ni kí owó lọ, kí wọ́n sì ra oúnjẹ nítòsí ilé-ìwé. Bùràsíìlì fi èyí ṣe òfin ní ọdún 2009: nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ìpínlẹ̀ àti ìlú fún oúnjẹ ilé-ìwé, òfin náà, nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ní kí wọ́n ná ó kéré tán ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn ìdílé àgbẹ̀ kéékèèké. Nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ owó náà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn òbí àti olùkọ́ wà níbẹ̀. Gánà bẹ̀rẹ̀ irú ètò tirẹ̀ ní ọdún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà sì ya ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta sọ́tọ̀ láti ọdún 2016 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ oúnjẹ ilé-ìwé ní Áfíríkà.

Ìṣòro kan wà tí ẹ lè bá wọn yanjú. Àgbẹ̀ kékeré kò lè dúró di oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó sanwó ọjà rẹ̀, nítorí náà, bí owó bá ń pẹ́, yóò tà á fún alágbàtà tó mú owó lọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣe ohun tí ó yàtọ̀, ẹ bi àjọ tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ bóyá wọ́n ní àpò owó kan tí wọ́n fi ń tètè sanwó fún àgbẹ̀ nígbà tí owó ìjọba kò bá tíì wọlé. Owó irú àpò bẹ́ẹ̀ kì í tán, nítorí pé yóò padà síbẹ̀ nígbà tí ìjọba bá san, wọn yóò sì tún fi sanwó fún ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá ní àǹfààní láti dé ibi ìdáná

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí tàbí tó bá lè ṣàbẹ̀wò kò gbọdọ̀ dúró sínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ tètè dé kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ kí àwọn alásè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè láti wo yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Àwọn àpò gbọ́dọ̀ wà lórí pákó, kí ilẹ̀ má fi ọ̀rinrin ràn wọ́n, kí wọ́n sì jìnnà díẹ̀ sí ògiri kí afẹ́fẹ́ lè kọjá àti kí eku má rí ibi sá pamọ́ sí. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó wà níwájú. Ẹ bu ọkà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀, torí pé ọkà tó bá ti hu ẹ̀bu lè ní májèlé tí iná kò lè pa.

Ẹ wo ohun tí wọ́n rọ òróró sí. Ní oṣù keje ọdún 2013, ọmọ 23 kú ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ ọ̀sán, nítorí pé oògùn apakòkòrò oko tó le gan-an ti wà nínú òróró tí wọ́n fi sè é. Ìlànà wà ní Íńdíà pé kí olùkọ́ àti àgbàlagbà mìíràn kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò kí ọmọ tó jẹ ẹ́. Ibi yòówù kí ètò tí ẹ ń tì lẹ́yìn wà, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń tọ́ ọ wò, kí ẹ sì rí i pé oògùn oko, kẹrosíìnì àti ọṣẹ kò bá oúnjẹ gbé yàrá kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró ti ìkòkò nígbà tí wọ́n bá ń bù ú. Oúnjẹ tí wọn kò bá rò dáadáa yóò ki ní ìsàlẹ̀ yóò sì ṣàn lókè, èyí yóò wá jẹ́ kí àwọn tó kọ́kọ́ tò gba omi, kí àwọn tó kẹ́yìn sì gba ojúlówó. Alásè tó mọṣẹ́ á máa rò ó bó ti ń bù ú, ṣíbí ìbùnjẹ kan náà ni yóò sì máa lò fún gbogbo ọmọ. Ẹ wò ó bóyá omi àti ọṣẹ wà níbi tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ìdí ìkòkò, àti bóyá àwọn ńlá ń ti àwọn kékeré. Ẹ wo aago. Bí oúnjẹ bá délẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ẹ́ jáde, ebi ti gba gbogbo ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ lọ, bí wọ́n bá sì lè gbé e síwájú, kí ó bọ́ sí àárín òwúrọ̀, oúnjẹ kan náà yóò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ láìfi kọ́bọ̀ kún un.

Àwọn alásè fúnra wọn ni a sábà máa ń gbàgbé. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, wọ́n ń jí ní ìdájí, wọ́n ń fa èéfín igi símú fún wákàtí púpọ̀, ní ibi púpọ̀ sì ni wọn kì í gba nǹkan kan. Mo mọ̀ pé àwọn ètò kan dúró lórí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn òbí, ó sì ti bọ́ ọmọ púpọ̀. Síbẹ̀, èrò mi ni pé níbi tí owó bá lè wà, kí wọ́n san nǹkan fún wọn, torí ìyá tó ń fi ọjọ́ oko rẹ̀ se oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ ń san owó tí a kò kọ sínú ìwé kankan. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ìyípo wọn pọ̀ tó tí kò fi ní máa kan ẹnì kan ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lóṣù. Sítóòfù tí kì í jẹ igi púpọ̀, tó sì ní ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, jẹ́ ẹ̀bùn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀: ó ń dá ojú àti àyà àwọn obìnrin wọ̀nyí sí, ó sì ń dín igi tí àwọn ọmọ ń rù kù.

Ẹ bá ìjọba sọ̀rọ̀

Ọrẹ àwa ènìyàn, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè bọ́ gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè kan. Ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà, ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ aláìní ní ilé-ìwé láti ọdún 1956, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ gan-an ní ọdún 1982. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1995, ṣùgbọ́n ọkà gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń pín fún àwọn ọmọ. Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú gbé ọ̀ràn ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ tí a sè. Lónìí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọmọ tí ètò náà wà fún.

Bí ẹ bá ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí oúnjẹ náà ti yẹ kó wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣòfin yín iye tó wà nínú ìwé ìṣúná àti iye tí wọ́n tú sílẹ̀ ní tòótọ́. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá ń gbé ní orílẹ̀-èdè olówó, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín lórí owó tí ìjọba yín ń fi ran oúnjẹ ilé-ìwé lọ́wọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2002, orúkọ àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ méjì, George McGovern àti Bob Dole, ni wọ́n fi ń pè é, ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni àwọn méjèèjì ti wá. Láti ọdún 2021, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè tó ti para pọ̀ láti mú kí oúnjẹ ilé-ìwé dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ, nítorí náà, ẹ wádìí bóyá tiyín wà lára wọn, kí ẹ sì rán an létí ìlérí rẹ̀.

Ẹ béèrè, pẹ̀lú, ètò tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún ìgbà tí ilé-ìwé bá tì. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa, nǹkan bí ọmọ mílíọ̀nù 370 ni oúnjẹ wọn já lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ti mọ ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló tètè rí ọ̀nà gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Ìwé orúkọ tó péye, tí a ń tún ṣe ní sáà kọ̀ọ̀kan, ni iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ tó rọrùn jù.

Àwòrán àwọn ọmọ, àti bí ẹ ó ṣe dáwọ́ dúró

Nígbà tí ẹ bá ń wá owó, ẹ má ṣe fi àwòrán ọmọ tó ń sunkún tàbí tí egungun rẹ̀ yọ síta tọrọ. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò sì rí àwòrán náà. Ẹ gba àṣẹ òbí, ẹ má kọ orúkọ ọmọ àti ilé-ìwé rẹ̀ pọ̀, ẹ sì jẹ́ kí àwòrán fi iṣẹ́ hàn: àwọn alásè, ìkòkò, àwọn ọmọ tó ń jẹun bí ọmọ yòókù láyé.

Ẹ ronú nípa òpin láti ìbẹ̀rẹ̀. WFP bọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Kẹ́ńyà fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ọdún 2009 sì ni ó ti ń fi ètò náà lé ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí rẹ̀ ní ọdún 2018. Bí àjọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá nílò ọdún mẹ́sàn-án láti jáde, ẹgbẹ́ kékeré kò gbọdọ̀ jáde ní ọjọ́ kan. Kí ẹ tó san owó àkọ́kọ́, ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àjọ tàbí ilé-ìwé náà, ẹni tí yóò máa san apá wo ní ọdún kejì àti ní ọdún kẹta. Bí ìṣòro bá sì dé bá yín tí ẹ kò lè tẹ̀síwájú, ẹ sọ fún wọn ó kéré tán ní sáà kan ṣáájú, kí ẹ sì san ti sáà tó ń lọ lọ́wọ́ parí, kí wọ́n lè wá ẹlòmíràn kí ọkà inú yàrá tó tán.